Àtúnṣe, Ìdápadàsípò àti Ìdárà: Ètò Ọ̀rọ̀ fún Iṣẹ́ Alùpùpù Àtijọ́

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí ni alùpùpù kan tí bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Honda C70 ni. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e sí abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni ó sì wà tí ó fi dípẹtà. Lẹ́yìn ikú wọn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, mo sì wí fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe dáadáa." Nígbà tí mo padà lọ gbà á lẹ́yìn oṣù méjì, alùpùpù náà ń dán gbinrin. Ẹ́ńjìnì mìíràn ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gé ike tí ń dáàbò bo ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun ara rẹ̀ tí ó jẹ́ aláwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ta ẹ́ńjìnì àtijọ́ náà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Nígbà tí mo bèèrè ìdí rẹ̀, èsì tí mo gbà kò ní ẹ̀tàn nínú: "Ẹ ní kí n tún un ṣe ni, mo sì tún un ṣe. Àbí kò ṣiṣẹ́ ni?"

Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò bá èyí tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu mọ́, ohun tí mo sì fẹ́ pa mọ́ ti lọ. Nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'tún ṣe', ni èmi àti òun lò fún oríṣi iṣẹ́ mẹ́rin tí ó yàtọ̀ síra. Èmi ní ọ̀kan lọ́kàn, òun ní òmíràn lọ́kàn.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, èrò wa ni láti ya àwọn iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí a sì wá ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A óò fi alùpùpù àtijọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí tú u palẹ̀ títí di ìgbà tí a óò tò ó padà, kí ó lè hàn pé ìyàtọ̀ tí a ń fà yọ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹni tí kò bá lè pe iṣẹ́ ní orúkọ rẹ̀ kò lè bá oníṣẹ́ ṣe àdéhùn lórí rẹ̀.

2.0 Alùpùpù tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

2.1 Orúkọ rẹ̀

'Alùpùpù' jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ìró ṣẹ̀dá. Ìró ẹ́ńjìnì tí ń dún 'pù-pù-pù' ni ó wà nínú rẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ọ̀rọ̀ kejì tí ó gbilẹ̀, 'ọ̀kadà', kò ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ara orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ni àwọn ènìyàn ti mú un, tí wọ́n sì fi ṣe àwàdà sọ alùpùpù tí ń gbé èrò. Nítorí náà, orúkọ iṣẹ́ ni ọ̀kadà, orúkọ ẹ̀rọ ni alùpùpù. Gbogbo ọ̀kadà ni ó jẹ́ alùpùpù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alùpùpù ni ó jẹ́ ọ̀kadà. Ó yẹ kí olùtumọ̀ máa fi èyí sọ́kàn.

2.2 Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí

Honda Super Cub, tí C70 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, jáde ní orílẹ̀-èdè Japan ní ọdún 1958. Soichiro Honda ni ó darí ètò ẹ̀rọ rẹ̀. Takeo Fujisawa ni ó là á sílẹ̀ irú ènìyàn tí yóò máa gùn ún. Fujisawa fẹ́ kí ẹni tí ń gbé oúnjẹ kiri lè fi ọwọ́ kan wa alùpùpù náà, kí ó sì fi ọwọ́ kejì di ẹrù rẹ̀ mú. Ìdí nìyí tí Super Cub kò fi ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ọwọ́ fà. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá sáré dé ìwọ̀n kan, kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ á dì mú fúnra rẹ̀. Bí awakọ̀ bá sì fi ẹsẹ̀ tẹ jíà, á tú u sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ nínú wọn ní ẹ́ńjìnì 49 cc tí fáàfù rẹ̀ ń fi ọ̀pá gígùn ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1966, C50 jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tí ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù wà lókè orí sìlíńdà, tí ṣéènì kékeré kan ń yí i. Lórí ìlànà yìí ni a ṣe C70 àti C90. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, àpapọ̀ gbogbo Super Cub tí a ti ṣe ní àgbáyé ti pé 100 mílíọ̀nù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lo C70 púpọ̀ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Obìnrin tí ó wọ ìró lè gùn ún láìsí ìnira, nítorí pé aga rẹ̀ kò ní táǹkì gíga níwájú.

Àjọ àgbáyé FIVA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1966 fún ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́, kà á sí pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán kí a tó lè pè é ní ọkọ̀ àtijọ́, kí ó sì wà ní ipò tí ó bá ìtàn rẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí apá kejì yìí. Ọjọ́ orí nìkan kò tó.

3.0 Iṣẹ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ mẹ́rin

Ìlànà mẹ́ta ni a tẹ̀ lé nínú yíyan ọ̀rọ̀. Èkíní, bí àwọn mẹkáníìkì bá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó yé gbogbo ènìyàn, òun ni a óò lò, ìbáà jẹ́ àyálò. Èkejì, bí wọn kò bá ní i, a óò wò ó nínú iṣẹ́ ọnà mìíràn tí ó jẹ́ tiwa. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lè lò ní ìdí iṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó di sípánà mú kì í sọ ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn.

(a) Àtúnṣe. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́? Bí ẹ̀yà tuntun, ẹ̀yà àlòkù tàbí ẹ̀yà alùpùpù mìíràn bá lè mú kí ó ṣiṣẹ́, àtúnṣe ti parí. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà, kí ó dúró sí àyè rẹ̀.

(b) Ìtọ́jú-pamọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé kò ní bàjẹ́ ju báyìí lọ? Ẹni tí ń tọ́jú nǹkan pamọ́ kì í kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ó ń dá ìpẹtà dúró ni, ó sì ń fi ojú àtijọ́ nǹkan náà sílẹ̀.

(d) Ìdápadàsípò. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé ó rí bí ó ti rí nígbà tí ó jáde ní ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe é, tàbí ní ìgbà kan pàtó nínú ìtàn rẹ̀? Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ni 'dá padà sípò'. A yẹ 'ìsọdọ̀tun' wò, ṣùgbọ́n a kò mú un, nítorí pé ohun tí a dá padà sípò kò di tuntun. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà síbẹ̀. A yẹ 'ìsọjí' wò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a sọ jí lè máa ṣiṣẹ́ láìjọ ara rẹ̀ àtijọ́.

(e) Ìdárà. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé ó rí bí olówó rẹ̀ ti fẹ́ kí ó rí? Ẹnì kan lè sọ pé kí a lo 'ìyípadà' níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò jù, ìbàjẹ́ pàápàá jẹ́ ìyípadà. Ṣùgbọ́n onídìrí ń dárà, onílù ń dárà, ahunṣọ náà ń dárà. Ẹni tí ó bá ń dárà mọ ìlànà tí ó bá nílẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi tirẹ̀ kún un ni. Bí ẹni tí ń dárà sí alùpùpù ti ṣe gan-an nìyí.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ààlà wà fún ìdápadàsípò. Ìwé ìlànà tí àwọn onímọ̀ nípa ilé àti ohun ìrántí àtijọ́ fọwọ́ sí ní ìlú Venice ní ọdún 1964 là á sílẹ̀ pé ibi tí àbá bá ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ìdápadàsípò gbọ́dọ̀ dúró. Ìlànà yìí bá alùpùpù náà mu. Bí a kò bá mọ àwọ̀ tí ọkọ̀ ní tẹ́lẹ̀, tí a sì kùn ún ní àwọ̀ tí ó wù wá, ìdárà ni a ṣe. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, bí a kò bá ti pè é ní orúkọ mìíràn.

4.0 Ìdápadàsípò ní ìdí iṣẹ́

4.1 Títú palẹ̀

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí sípánà tó kan ọkọ̀. A óò kọ nọ́ńbà ara egungun ọkọ̀ àti ti ara ẹ́ńjìnì sílẹ̀, a óò fi wọ́n wé ti inú ìwé ọkọ̀, a óò sì ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà ti gbà kọjá. Àpò kọ̀ọ̀kan ni a óò kó ìdè ibì kọ̀ọ̀kan sí, a óò sì kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn èyí ni a óò wá ojú-àwọ̀, èyíinì ni ibi tí oòrùn kò dé, bí abẹ́ aga tàbí ẹ̀yìn ike aláàbò ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi kùn ún sábà máa ń wà láìṣá.

Ewu kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò mọ̀. Ìdè olójú àgbélébùú tí àwọn ará Japan lò kò bá sukudíráfà olójú àgbélébùú tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà mu dáadáa, bí wọ́n tilẹ̀ jọra. Bí a bá fi èyí tí kò bá a mu yí i, á yọ́, á sì jẹ ojú ìdè náà tán. Èyí tí a ṣe fún ìlànà ti Japan ni kí a lò. Bí ìdè bá ti gan, a óò fi kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì rin ín, a óò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí á tó fi ọwọ́ kàn án. Sùúrù ni a fi ń tú ohun tí ó ti gan.

4.2 Ẹ́ńjìnì

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti ṣàlàyé písítìnì àti sìlíńdà fún akẹ́kọ̀ọ́ ni láti fi wọ́n wé ọmọ odó àti odó. Ọ̀kan dúró, èkejì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tètè sọ ibi tí àfiwé náà parí sí. Ọmọ odó kò gbọdọ̀ há mọ́ ẹ̀gbẹ́ odó, ṣùgbọ́n òrùka písítìnì gbọ́dọ̀ kan ara sìlíńdà yíká, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibi jò. Ìdí nìyí tí a kò fi yí orúkọ méjèèjì padà. A fi àfiwé ṣe àlàyé, a kò fi ṣe orúkọ.

Ìrìn mẹ́rin ni písítìnì ń rìn kí iṣẹ́ rẹ̀ tó pé ẹ̀ẹ̀kan. Nínú ìfàwọlé, ó ń sọ̀ kalẹ̀, fáàfù kan ṣí, afẹ́fẹ́ àti epo sì wọlé láti inú kabúrétọ̀. Nínú ìfúnpọ̀, fáàfù méjèèjì tì, ó sì ń gòkè bọ̀. Nínú ìgbiná, púlọ́ọ̀gì ṣáná, èéfín gbígbóná sì tì í sódò. Ìrìn yìí nìkan ni ó ń fún wa ní agbára. Nínú ìléjáde, fáàfù kejì ṣí, èéfín sì gba sàlẹ́ńsà jáde. Ìwọ̀n ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnì C70 jẹ́ 8.8 sí 1. Bí òrùka bá ti jẹ tàbí tí fáàfù kò tì dáadáa, ìwọ̀n yìí kò yí padà, ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ náà kò ní lágbára tó bí ó ti yẹ, ọkọ̀ náà yóò sì le láti ṣí.

Bí písítìnì bá ti lẹ̀ mọ́ inú sìlíńdà nítorí ìpẹtà, a kì í fi òòlù lù ú. Ojú ihò púlọ́ọ̀gì ni a óò gbà da ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, a óò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́, a óò wọn inú sìlíńdà. Bí ó bá ti jẹ ju bí ó ti yẹ lọ, a óò gbé e fún ẹni tí ń fá irin, kí ó fá inú rẹ̀. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 'ríbóò' nìyí. Àwọn písítìnì tí a ń tà fún iṣẹ́ yìí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìpele 0.25 mìlímítà: 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00. Lẹ́yìn ìpele kẹrin, ẹ̀wù tuntun ni a óò fi sínú sìlíńdà.

Olùkọ́ ìṣirò lè rí iṣẹ́ ṣe níhìn-ín. Fífẹ̀ inú sìlíńdà C70 jẹ́ 47 mìlímítà, ìrìn písítìnì sì jẹ́ 41.4. Bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà ṣe é, àyè inú rẹ̀ ni 3.1416 × 2.35 × 2.35 × 4.14, èyí tí ó fún wa ní 71.8 cc. Bí a bá fá a dé ìpele 1.00, 3.1416 × 2.40 × 2.40 × 4.14 fún wa ní 74.9 cc. Nítorí náà, ríbóò tí a ṣe láti dá ẹ́ńjìnì padà sípò ti mú kí ó tóbi díẹ̀ ju bí ó ti wà lọ. Ìdápadàsípò tí kò yí ohunkóhun padà rárá kò sí. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a mọ ìyípadà tí a ṣe, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a bá tò ó padà, àlàfo mẹ́ta ni a óò wọ̀n. Àlàfo fáàfù jẹ́ 0.05 mìlímítà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Àlàfo ojú púlọ́ọ̀gì jẹ́ 0.6 sí 0.7. Ẹ̀kẹta ni àlàfo kọ́ńtáàkì, irin ẹlẹ́nu méjì tí ń ṣí tí ń pa dé kí iná lè dé púlọ́ọ̀gì lásìkò. Tirẹ̀ jẹ́ 0.3 sí 0.4. A dábàá 'ẹnu-iná' fún irin yìí. Irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo wọ̀nyí ni a pè ní 'awọ̀n-àlàfo'.

4.3 Egungun ọkọ̀ àti ara rẹ̀

Egungun Super Cub kì í ṣe ọ̀pá oníhò bí ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Irin pẹlẹbẹ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí a sì jó pọ̀, ni, ìrísí tí a tẹ̀ ẹ́ sí ni ó sì fún un ní agbára. Nítorí náà, ìpẹtà inú rẹ̀ léwu ju ti òde lọ, nítorí pé ojú kò tètè rí i. A óò fi nǹkan tí kò mú kan án díẹ̀díẹ̀, kí a sì gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Ibi tí ó bá ń dún kẹ́kẹ́, irin ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Irú ibẹ̀ ni a óò gé, tí a óò sì jó irin tuntun mọ́. A kì í fi ọ̀dà bò ó. Ọ̀dà lórí ìpẹtà dà bí aṣọ lórí egbò tí a kò wẹ̀.

4.4 Iná

Fólítì 6 ni àwọn C70 àkọ́kọ́ ń lò. Ẹni tí ń dá a padà sípò yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì fọ gbogbo ojú tí wáyà ti pàdé irin. Nínú fólítì kékeré, ìdọ̀tí díẹ̀ tó láti sọ iná iwájú di fìtílà.

5.0 Ìdárà

5.1 Ìdárà kì í ṣe ọ̀tá

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń tako ìdárà. Ó ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìlú London ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́ tí ń péjọ sí Ace Cafe a máa bọ́ ohun tí kò wúlò kúrò lára alùpùpù wọn, wọn a sì mú ọwọ́ ìdarí rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ó lè sáré. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹlòmíràn ń na iwájú tiwọn gùn. Fíìmù Easy Rider ti ọdún 1969 ni ó sọ irú èyí di mímọ̀ káàkiri ayé. Àwọn ọlọ́kadà wa náà ń dárà. Wọ́n ń fi téèpù aláràbarà wé ara ọkọ̀, wọ́n ń jó irin aláàbò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ sára rọ́bà tí ń gba ẹrẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí a mọ oríṣi ìdárà méjì.

5.2 Ìdárà aṣeédápadà

Èyí ni ìdárà tí a lè yọ kúrò láìba ọkọ̀ jẹ́. Àpẹẹrẹ kan ni yíyí fólítì 6 sí 12. Iná tí ó ń lo wáàtì 25 ń fa ámpíà 4.2 láti inú fólítì 6, ṣùgbọ́n ámpíà 2.1 ni ó ń fà láti inú fólítì 12. Nítorí náà, ooru tí wáyà àtijọ́ ń gbà dín kù, iná sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní àwọn ọdún 1980, Honda fúnra rẹ̀ mú fólítì 12 wọ inú àwọn Cub rẹ̀. Bí a bá kó ẹ̀yà àtijọ́ pa mọ́ sínú àpótí, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè dá a padà.

Àpẹẹrẹ kejì ni kẹ̀kẹ́ eléyín tí ṣéènì ń gbà. Bí ti iwájú bá ní eyín 14, tí ti ẹ̀yìn sì ní 42, ti iwájú yóò yí ẹ̀ẹ̀mẹta kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Bí a bá fi eléyín 15 síwájú, ó di ẹ̀ẹ̀meji àti ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ́ńjìnì yóò sinmi lójú ọ̀nà títẹ́, ṣùgbọ́n yóò jìyà ní orí òkè. Kí ẹni tí ń gbé Ìdànrè tàbí Èfọ̀n-Alààyè rò ó dáadáa.

5.3 Ìdárà àìṣeédápadà

Èyí ni gígé egungun ọkọ̀, lílu ihò sí i, tàbí fífá nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Nítorí pé ìrísí irin pẹlẹbẹ náà ni agbára rẹ̀, ẹni tí ó bá gé e láti mú kí ó rẹwà ti gé nínú ohun tí ó gbé e dúró. Nọ́ńbà tí a bá sì ti fá kò ṣeé dá padà, òfin pẹ̀lú kò sì fi ojú rere wò ó.

Ẹ́ńjìnì ńlá wà láàárín méjèèjì. Àwọn ẹ́ńjìnì 110 àti 125 cc tí a ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà ní àwòṣe ti Honda máa ń bọ́ sí ihò ìdè Super Cub. A lè yọ wọ́n kúrò, nítorí náà wọ́n jẹ́ aṣeédápadà, bí a kò bá ta ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bíréèkì kò tóbi pẹ̀lú ẹ́ńjìnì. Agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po eré nínú ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń sá eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan dípò 60 ti sún eré rẹ̀ láti 6 sí 8. Ohun tí bíréèkì rẹ̀ yóò pa ti lọ láti 36 sí 64. Bíréèkì onílù kékeré ti C70 ni a ń gbé ẹrù yìí lé lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnì dárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi bíréèkì dárà.

6.0 Àtòjọ ọ̀rọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá tàbí tí a fi ìdí wọn múlẹ̀ nìyí:

alùpùpù àtijọ́ – alùpùpù tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tí ipò rẹ̀ sì bá ìtàn rẹ̀ mu.
àtúnṣe (tún ṣe) – mímú kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́.
ìtọ́jú-pamọ́ (tọ́jú pamọ́) – dídá ìbàjẹ́ dúró láìpa ojú àtijọ́ rẹ́.
ìdápadàsípò (dá padà sípò) – mímú nǹkan padà sí bí ó ti rí, dé ibi tí ẹ̀rí wa mọ.
ìdárà (dárà sí) – ṣíṣe nǹkan lọ́nà ti olówó rẹ̀.
aṣeédápadà, àìṣeédápadà – èyí tí a lè yọ kúrò láìba nǹkan jẹ́, àti òdì rẹ̀.
ojúlówó ẹ̀yà – ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe.
egungun ọkọ̀ – ohun tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́.
ojú-àwọ̀ – ibi tí àwọ̀ àkọ́kọ́ kù sí.
ríbóò – fífá inú sìlíńdà kí písítìnì tí ó tóbi jù ti àkọ́kọ́ lè wọ̀ ọ́.
ẹ̀wù sìlíńdà – irin tuntun tí a fi wọ inú sìlíńdà tí ó ti jẹ jù.
ẹnu-iná – irin tí ń ṣí tí ń pa dé láti fún púlọ́ọ̀gì ní iná lásìkò.
awọ̀n-àlàfo – irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo.
ìfàwọlé, ìfúnpọ̀, ìgbiná, ìléjáde – ìrìn mẹ́rin písítìnì.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé iṣẹ́ mẹ́rin ni ó fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Kí olùtumọ̀ tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ẹ̀rọ máa bi ara rẹ̀ léèrè èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òǹkọ̀wé ń sọ, kí ó má kàn fi 'tún ṣe' bo gbogbo rẹ̀. Kí olùkọ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìdí iṣẹ́ mẹkáníìkì, kí wọ́n fetí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹ̀dá òmíràn. Ìyàtọ̀ yìí kò sì mọ sí orí alùpùpù. Ilé àtijọ́, ìlù àtijọ́, ère àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ ní ààfin, gbogbo wọn ni a ń gbé fún oníṣẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, 'ẹ bá wa tún un ṣe', tí a sì ń kábàámọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Egungun C70 bàbá mi ṣì wà, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Mo ti rí ẹ́ńjìnì àlòkù kan tí ó jẹ́ irú tirẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan náà ni mo sì gbé e lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a jókòó, a kọ ọ́ sínú ìwé: ẹ́ńjìnì, àtúnṣe, ara ọkọ̀, ìdápadàsípò, àwọ̀ ewé tí a rí lábẹ́ aga, iná, ìdárà aṣeédápadà sí fólítì 12, ẹ̀yà kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ọgbà láìjẹ́ pé mo mọ̀. A kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹ́ńjìnì náà kì í ṣe ti àkọ́kọ́, a sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀. Ọ̀gá náà ka ìwé náà tán, wọ́n ní, "Ká ní ẹ ti sọ ọ́ báyìí nígbà yẹn ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ.